Ilé-ìwé wa ní Ṣàgámù pé ọgọ́rùn-ún ọdún: bá a ṣe wá ọjọ́ orí ẹ̀, àti ìtàn ìtún tó yí i ká

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ilé-ìwé ìjọ ni kó tó di ti ìjọba, Ṣàgámù ló wà, ó bọ́ sáàárín ìtún méjì (àdúgbò la ń pè ní ìtún), kò sì jìnnà sí odò Ìbú. Ọdún yìí la ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tí mo kọ ṣe ẹ̀rí jà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ gbogbo bó ṣe lọ sílẹ̀, torí ilé-ìwé bíi tiwa pọ̀ káàkiri Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú tí wọ́n máa tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ohun tójú wa rí yìí, ojú tiwọn náà lè rí i.

Ara ògiri lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé tó gbó jù nínú ọgbà ilé-ìwé, wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ 1926 sí iwájú ẹ̀, gbogbo wa tá a ka ìwé níbẹ̀ la mọ nọ́ńbà yẹn, òun náà la máa ń wò tí tíṣà bá ní ká tò sórí ìlà láàárọ̀. Torí náà nígbà tẹ́nì kan kọ ọ́ sórí WhatsApp àwa ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ pé 2026 ti dé o, kò sẹ́ni tó jiyàn. A yan kọmítì. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, ìjọ rán ẹnì kan wá, Alhaji kan tó ka ìwé níbẹ̀ láyé ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wà níbẹ̀, àwọn ìyá oníṣòwò méjì, àti àwa tá ò ju tẹlifóònù sílẹ̀. Ìwé ìrántí la kọ́kọ́ fẹ́ ṣe, ibẹ̀ gan-an la ti ko ìṣòro: ta ni hẹdimásítà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ wo ló kọ́kọ́ wọlé, ta ló fún wọn nílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé báyìí gbìyànjú gan-an, wọ́n kó gbogbo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì síta fún wa, àmọ́ rẹ́jísítà tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ pẹ́ tó ọjọ́ orí èmi gan-an, logbook tó yẹ kí gbogbo ilé-ìwé ní, èyí tí hẹdimásítà máa ń kọ ọjọ́ tí ìnsípẹ́kítọ̀ wá àti ọjọ́ tí ìjì ṣí páànù, kò sí níbẹ̀ rárá.

Ilé ni rẹ́jísítà àtijọ́ wà. Hẹdimásítà kan tó ti dolóògbé ló gbé e lọ sílé ẹ̀ nígbà tí òrùlé ọ́fíìsì ń jò, ó tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí páànù, ó fi káńfọ̀ sí i, ó sì kìlọ̀ fáwọn ọmọ ẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ dáná sun ún. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló gbé e wá fún wa nígbà tó gbọ́ pé a ń wá nǹkan àtijọ́. Ọlọ́run á fọ̀run ke bàbá yẹn, torí ká ní ó fi í sílẹ̀ lọ́fíìsì ni, ikán ì bá ti jẹ ẹ́ tán, a ò ní rí nǹkan kan kọ.

Ẹni tó bá rí irú rẹ́jísítà báyìí rí máa mọ bó ṣe rí: nọ́ńbà ọmọ, ọjọ́ tó wọlé, orúkọ, orúkọ òbí, iṣẹ́ òbí, ibi tí wọ́n ń gbé, kíláàsì tí wọ́n fi í sí, ọjọ́ tó kúrò àti ìdí tó fi kúrò. Ojú ìwé àkọ́kọ́, 1926 ló wà lókè ẹ̀ lóòótọ́, inú wa dùn. Ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wá wò ó dáadáa ló bi wá pé, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí nọ́ńbà ò bẹ̀rẹ̀ láti oókan? Òótọ́ ni, nọ́ńbà ọmọ àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin. Wọ́n tún fọwọ́ tọ́ ọ sí wa pé àwọn ọmọ kan nínú ojú ìwé yẹn, Sítándáàdì Tú ni wọ́n wà (bí wọ́n ṣe ń pe kíláàsì nígbà yẹn), òmíràn wà ní Sítándáàdì Tírì, kò sì sí ohun tó fi hàn pé ibòmíì ni wọ́n ti wá. Mama tíṣà náà ní, "Ilé-ìwé tó bẹ̀rẹ̀ lónìí, níbo ló ti máa rí ọmọ Sítándáàdì Tírì?" Gbogbo ilé dákẹ́. Ìwé yìí kì í ṣe rẹ́jísítà àkọ́kọ́ nìyẹn, òmíràn ti wà ṣáájú ẹ̀ tó ti sọ nù.

Kí wá ni 1926? Ohun tí mo mọ̀ nípa ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ló ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Lọ́dún 1926 ni ìjọba àwọn òyìnbó ṣe òfin ẹ̀kọ́ tuntun fún Èkó àti gbogbo apá gúúsù. Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tó bá ti lè ka Bíbélì díẹ̀ lè kó ọmọ jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kó máa kọ́ wọn ní ABD, irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ lọ súà torí gbogbo abúlé ló fẹ́ ní tiẹ̀. Òfin 1926 wá sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí ilé-ìwé láìgbàṣẹ, tíṣà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, ìjọba sì lè ti ilé-ìwé tí ò bá dáa pa. Ọdún yẹn kan náà ni Rẹ́fúrẹ́ńdì I. O. Ransome-Kuti, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá Ijebu Ode Grammar School nígbà náà, kó àwọn hẹdimásítà ilé-ìwé Ìjẹ̀bú jọ di ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yẹn ló para pọ̀ mọ́ tàwọn tíṣà Èkó ní 1931 tó di NUT, ẹgbẹ́ àwọn tíṣà Nàìjíríà. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ tíṣà àti ilé-ìwé gbóná gan-an lásìkò yẹn. Èrò mi, tí kọmítì náà sì gbà níkẹyìn, ni pé ọdún tí wọ́n forúkọ ilé-ìwé wa sílẹ̀ ni 1926, tí wọ́n ra rẹ́jísítà gidi, tí wọ́n wá kó àwọn ọmọ tó ti wà nílẹ̀ sínú ẹ̀.

Ilé tí wọ́n kọ 1926 sí lára yẹn gan-an, kì í ṣe 1926 ni wọ́n kọ́ ọ. Bàbá kan tó jẹ́ bíríkìlà, tí bàbá tiẹ̀ náà ṣe bíríkìlà, sọ fún wa pé ẹ̀yìn ogun Hitler ni bàbá àwọn bá wọn kọ́ ọ, òun gan-an bá wọn ru omi níbẹ̀ nígbà tóun wà lọ́mọdé. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi ewé gbòdògí bò ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

A tún lọ bá ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Mama ò lọ sílé-ìwé yẹn fúnra wọn, wọ́n ní obì ni wọ́n ń ṣà, àmọ́ ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, ọmọ ìyálé wọn, lọ. Bàbá wọn máa ń sọ ọ́ nílé pé ẹ̀yìn tí Akárìgbò Adédoyin jọba lòun fi ọmọ òun síléèwé, pé ọmọ náà ti ń kọ orúkọ ara ẹ̀ sórí síléètì kí lùkúlùkú tó jà. Adédoyin jọba ní 1916, lùkúlùkú, ìyẹn àjàkálẹ̀ àrùn tó kárí ayé, ní 1918. Àárín ọdún méjì yẹn ló bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni lóòótọ́, ẹnì kan nínú kọmítì sì sọ pé bàbá àgbà lè ṣì í, àmọ́ tá a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tó ti lé ní ọgọ́rin àti àwọn ọmọ Sítándáàdì Tírì yẹn, ó bára mu.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ o. Àwọn kan ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá lọ, ká fagi lé e. Àwọn kan ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ló kàn wá, aṣọ ti dọ́jà. Èmi ò fara mọ́ ìkejì yẹn rárá mo sì sọ ọ́ níbẹ̀, ìwé ìrántí la fẹ́ kọ, àwọn ọmọ-ọmọ wa ló máa kà á, a ò lè mọ òótọ́ ká wá kọ irọ́ sí i. Ohun tá a fẹnu kò sí ni pé a máa ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún tí a forúkọ ilé-ìwé sílẹ̀, a máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sára bánà àti sórí ìwé, a sì máa kọ ìtàn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ kí gbogbo ayé rí i.

Mo fẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ́jísítà yẹn torí ìtàn àdúgbò wa ló kún inú ẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ṣàgámù mọ̀ pé kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo. Ìlú mẹ́tàlá ló kó ara wọn jọ síbẹ̀ ní nǹkan bí 1872, torí ogun, kí wọ́n lè jọ gba ara wọn: Ọ̀fín tí ààfin Akárìgbò wà, Màkún, Ìjagbà, Ẹ̀pẹ́, Ìbídó, Ìpójì, Òkò, Látáwá, Sónyìndó, Bátòrò àti àwọn yòókù, oníkálukú sì mú ọba ẹ̀, òrìṣà ẹ̀ àti olórítún ẹ̀, ìyẹn olórí ìtún, wá. Àwọn àgbà ṣì máa ń sọ pé ọmọ Màkún lòun, kì í ṣe ọmọ Ṣàgámù, bẹ́ẹ̀ ilé ẹni tó ń sọ ọ́ àti ti ọmọ Ọ̀fín ò ju ẹ̀yìnkùlé síra wọn lọ. Ibi tí wọ́n kọ ibùgbé ọmọ sí nínú rẹ́jísítà, ìtún ló wà níbẹ̀, wọn kì í kọ Ṣàgámù lásán. Ohun tó wú mi lórí ni pé láti ojú ìwé àkọ́kọ́, ọmọ ìlú tó ju mẹ́rin lọ ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọjà ò tíì da àwọn òbí wọn pọ̀ tán nígbà yẹn, oníkálukú ní tiẹ̀, àmọ́ àwọn ọmọ ti jọ ń ka ìwé. Èmi gbà pé níbẹ̀ ni ìlú mẹ́tàlá ti ń di ẹyọ kan, ẹ lè bá mi jiyàn.

Iṣẹ́ òbí wá ńkọ́? Àgbẹ̀, àgbẹ̀, onísòwò obì, àgbẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà, onísòwò obì. Àwọn ọdún 1920 sí 1930 yẹn ni obì gbànja gbilẹ̀ ní Rẹ́mọ, ó ti kúrò ní ti Agége nìkan, àwọn oníṣòwò Hausa sì wá tẹ̀dó sí Sábó, wọ́n ń rà á, wọ́n ń kó o lọ sókè ọya. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ obì á rò pé kéèyàn ká a kó tà á ni, rárá o, ẹ máa rẹ ẹ́ sómi kí èèpo funfun ara ẹ̀ lè bọ́, ẹ máa bó o, ẹ máa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan kí kòkòrò má wọ̀ ọ́, ẹ máa fi ewé tẹ́ apẹ̀rẹ̀, ẹ tún máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, obìnrin àti ọmọdé ló sì ń ṣe gbogbo ẹ̀. Owó iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé. A rí i nínú rẹ́jísítà pé tí obì ò bá tà, àwọn ọmọ máa ń kúrò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Níbi tí wọ́n ti kọ ìdí tí ọmọ fi kúrò, "owó" ló pọ̀ jù, lẹ́yìn ẹ̀ "ó lọ sí Èkó", lẹ́yìn ẹ̀ "oko". Ibì kan wà tí wọ́n kọ "ó kú" sí, ọmọ mẹ́ta léra wọn nínú ilé kan náà. A ò mọ ohun tó pa wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá oníṣòwò tó wà nínú kọmítì sunkún nígbà tí wọ́n kà á, wọ́n ní ilé àwọn ni.

Ọmọbìnrin ò pọ̀ níbẹ̀ láwọn ọdún àkọ́kọ́, ẹ máa ṣí ojú ìwé odindi kan kẹ́ ẹ tó rí méjì. Mama tó ń ṣà obì yẹn ni mo rántí.

Alhaji inú kọmítì ló tún ṣí ọ̀rọ̀ kan fún wa tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn wà nínú rẹ́jísítà, àmọ́ Josiah ni wọ́n kọ, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀le paraku ni wọ́n nílé. Ayé ìgbà yẹn, ọmọ ìmọ̀le tó bá wọ ilé-ìwé ìjọ, wọ́n lè fún un lórúkọ mìíràn, wọ́n lè ní kó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè, ìdí rèé táwọn ìmọ̀le Èkó fi dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923 kí wọ́n lè ní ilé-ìwé tiwọn. Ẹni tí ìjọ rán wá ò bínú, wọ́n ní òótọ́ ni, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé nínú ìwé ìrántí, ká kọ orúkọ tí òbí sọ ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ilé-ìwé kọ, fún gbogbo ìdílé tó bá mú u wá. Èyí dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo ohun tí kọmítì ṣe lọ.

1955 ni rẹ́jísítà yí padà pátápátá. 17 January ọdún yẹn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó wà nítòsí wa níbẹ̀, gbé kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní bíi 457,000 lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n di 811,000 ó lé. Tiwa náà kún, òǹkọ̀wé rẹ́jísítà ò tiẹ̀ ráyè kọ lẹ́tà rẹ́wà mọ́, orúkọ kàn ń já lé orúkọ ni. Alhaji ní abẹ́ igi làwọn jókòó sí ní Praimérì Wọ́ọ̀nù, tí òjò bá ṣú wọ́n á sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà yẹn náà ni ọdún mẹ́jọ tí wọ́n fi ń ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di mẹ́fà. Ìyá tó ń ṣà obì rán àwọn ọmọ wọn lọ, ọkùnrin obìnrin.

Lẹ́yìn náà ìjọba gba àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ, Ìpínlẹ̀ Ògùn dé ní 1976, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì àti ẹkisipírẹ́ẹ̀sì Èkó sí Ìbàdàn dé ní 1978, ọsibítù ńlá tá à ń pè ní OOUTH báyìí, ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo, dé ní 1986, orúkọ Ígbò àti Ẹ̀bìrà ń wọ rẹ́jísítà, àwọn ọmọ onílé tó rọ́wọ́ họrí ń lọ sí ilé-ìwé aládàáni. Èmi ò lè kọ gbogbo ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó le díẹ̀. Àwọn kan fẹ́ léèsì àti olórin ńlá láti Èkó. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó wà ní London ló kọ̀wé sórí gúrúùpù pé ilé ìgbẹ́ ńkọ́, torí àwọn ọmọ ń lọ sí bèbè odò. Ọ̀rọ̀ yẹn pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. A mú àǹkárá, a gba àwọn onílù ìtún, owó tó kù lọ sí ilé ìgbẹ́ àti páànù ilé tó gbó jù yẹn. Àwọn kan bínú, wọn ò dá owó mọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dá.

Ọjọ́ Jímọ̀, àdúrà ní mọ́ṣáláṣí ìtún. Sátidé, a tò láti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ rìn gba Sábó wá sí ilé-ìwé, àwọn ọmọ pẹ̀lú ìlù wọn níwájú. Sàríkí Sábó, olórí àwọn Hausa ibẹ̀, jáde sí wa, wọ́n fi obì ṣàdúrà fún wa. Nígbà tá a dé ọgbà, a ka orúkọ inú ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ́jísítà, ìdílé tó bá gbọ́ orúkọ ẹni wọn á dìde. Ẹ gbà mí gbọ́, ìyẹn gba wákàtí tó pọ̀, torí àwọn ènìyàn ò kàn dìde jókòó, wọ́n fẹ́ kí oríkì, wọ́n fẹ́ jó, alága ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n pe Josiah, wọ́n pe orúkọ ìmọ̀le ẹ̀ tẹ̀ lé e, odindi ìlà àga mẹ́ta ló dìde. Ìkọ́kọrẹ́ wà, ẹ̀bà wà, kò sẹ́ni tébi pa. Sọ́ńdè, ìdúpẹ́.

Ilẹ̀ ló kù. Ìtún méjèèjì ló sọ pé àwọn làwọn fún ilé-ìwé nílẹ̀, ìjọ ní àwọn rà á, ìwé kankan ò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nígbà tí wọ́n ń jiyàn yẹn ṣọ́ọ̀bù ti ń jẹ ilẹ̀ wọlé láti ojú títì. A ò lè mọ ẹni tó fún wọn, mi ò sì rò pé ó yẹ kí kọmítì àjọ̀dún dá irú ẹjọ́ yẹn. Ohun tá a bẹ̀bẹ̀ fún ni kí olórítún méjèèjì àti aṣojú ìjọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo pé ẹni yòówù kó fún wọn, ilẹ̀ ilé-ìwé ni, kò sẹ́ni tó lè tà nínú ẹ̀ mọ́. Olórítún kan ti fọwọ́ sí i, ìjọ náà ti fọwọ́ sí i, ẹnì kejì ní àwọn máa bá ẹbí sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, sọ̀fíyọ̀ máa wá wọ̀n ọ́n, owó ẹ̀ ti wà nílẹ̀ lọ́tọ̀.

Rẹ́jísítà náà, a ti ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé ẹ̀, ẹ̀dà kan wà lọ́fíìsì ilé-ìwé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìjọ, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìdílé hẹdimásítà tó tọ́jú ẹ̀. Ojú ìwé kan ti já dànù láàárín 1931 sí 1934, ikán jẹ apá kan àwọn ọdún ogun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ pé bàbá yín tàbí ìyá yín ka ìwé ní ẹ̀bá odò Ìbú láwọn ọdún yẹn, ẹ yẹ àpótí wọn wò fún káàdì ìrìbọmi, testimonial tàbí fọ́tò kíláàsì, kódà tó bá ti ya, ẹ mú u wá bẹ́ẹ̀, a máa ya fọ́tò ẹ̀ lójú yín, a sì máa dá a padà fún yín.